Kókó tó Jókòó sí Ojú Ọ̀nà Ohùn Mi

Ohùn tí mo ní nígbà náà máa ń kọ́kọ́ gba orí páànù òrùlé kọjá kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí etí èèyàn. Bí mo bá ń pe ìrun Àsùbáà ní mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Nima, ní ìlú Accra, àwọn àkùkọ àdúgbò á dákẹ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn ti kọ tiwọn tán ni, ṣùgbọ́n èmi gbà pé ìtìjú ló mú wọn. Ó lé lógún ọdún tí mo fi jẹ́ ládàánì níbẹ̀, kò sì sí ẹnì kan tó wá yìn mí nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn tó sọ ohun tí mi ò tíì mọ̀. Bí wọ́n bá ní ohùn mi dùn, n ó tẹ orí ba, n ó ní, “Ti Ọlọ́run ni.” Lẹ́yìn náà n ó rọra máa rìn lọ, kí onítọ̀hún lè ráyè tún un sọ.

Ní ọjà Kantamanto, èmi kì í ṣe ẹnikẹ́ni. N ó wọ trotro, ọkọ̀ akérò ibí, láti Nima, n ó sọ̀ ní Circle, n ó wọ òmíràn dé ọjà, níbi tí mo ti ń fi maṣíìnì tún òkìrìkà rán, àwọn aṣọ tí àwọn ará ibí ń pè ní aṣọ òyìnbó tó ti kú. Òyìnbó tó kú náà sanra jù, nítorí náà iṣẹ́ mi ni kí n gba ìdí ṣòkòtò rẹ̀ wọlé kó lè bá alààyè mu. Kò sí ẹni tó ń kí ẹni tó ń gba ìdí ṣòkòtò wọlé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti padà sí Nima, “Ládàánì” níhìn-ín, “Ládàánì” lọ́hùn-ún. Ìyàwó mi pàápàá kì í pè mí ní nǹkan mìíràn. Òun ń ta ọṣẹ, súgà àti mílíìkì ní iwájú ilé wa. Bàbá tirẹ̀ àti bàbá tèmi ló jọ kó wá láti ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà. Accra ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, Anago sì ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀ títí di òní.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ohùn náà kọ́kọ́ já mi jù sílẹ̀. Mo dé ibi tó yẹ kó ti gòkè, ó sì fàya bí àǹkárà tó ti gbó. Mo tún un mú, ó tún fàya. Ẹni tó gbọ́n á ti fọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀. Èmi fọwọ́ kan gbohùngbohùn. Mo sọ fún Lèmọ́mù pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, pé ọ̀rinrin òjò ti wọ inú rẹ̀, pé nǹkan tí wọ́n ń ṣe láyé òde òní kì í tọ́jọ́. Lèmọ́mù wa jẹ́ àgbàlagbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo gbohùngbohùn, ó wò mí, ó ní kí wọ́n pe ẹni tó máa tún un ṣe.

Ẹni tí wọ́n pè ni ọkùnrin kan tó ń tún fóònù àti rédíò ṣe ní Circle, tí gbogbo wa ń pè ní Onírédíò. Anago ni bíi tèmi, a jọ ń kírun, ó sì fi ọdún díẹ̀ kéré sí mi. Ó tú ẹ̀rọ náà, ó nu inú rẹ̀, ó dì í padà. Ní Jímọ̀ kejì mo pe ìrun, ohùn tún ya. Ó tún tú u. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó tú gbogbo rẹ̀ sórí ẹní, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó yẹ wáyà rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbójú sókè.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, “ẹ̀rọ yìí ò ní nǹkan kan. Ó kù kí ẹ gbé ọ̀fun yín wá kí n tú u wò.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà ní mo bínú, ẹ̀rín náà sì jáde bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí lórí sìmẹ́ǹtì.

Láti ọjọ́ náà ni gbogbo Nima ti di dókítà. Àwọn tí ewúrẹ́ wọn ń húkọ́ láti ọdún èṣí mọ ohun tó ń ṣe ọ̀fun mi dájúdájú. Ẹnì kan ní eruku òkìrìkà ni, kí n máa fi oyin po ata ilẹ̀ lá. Ẹlòmíràn ní orógbó ni kí n máa jẹ. Mo jẹ orógbó títí ẹnu mi fi korò ju ọ̀rọ̀ mi lọ. Obìnrin kan tó ń ta waakye, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, ní òpópónà wa ní ohùn mi ti dùn jù, pé ojú àwọn èèyàn ti pọ̀ lára rẹ̀. Tirẹ̀ ni mo gbà gbọ́ jù, nítorí tirẹ̀ nìkan ló ní ìyìn nínú. Ẹni tó ń ta oògùn ní ìkóríta fún mi ní kápúsù pupa, nígbà tí ìyẹn tán ó fún mi ní aláwọ̀ ewé, bí ẹni pé àwọ̀ ni ọ̀fun mi kò fẹ́ràn. Mo lo gbogbo rẹ̀. Ohùn náà ń wọlẹ̀ sí i, títí ó fi di pé tí mo bá kí èèyàn ní ojú títì, wọ́n á ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́.”

Lèmọ́mù sọ fún mi pé, “Ẹ sinmi ná.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, ogún ọdún sì dúró. Wọ́n ní kí Onírédíò máa pe ìrun fún ìgbà díẹ̀, nítorí òun ló kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ náà. Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ń wá ìkànnì lórí rédíò tí kò rí i. Mo máa ń jókòó sí ẹsẹ̀ kejì láàárín àwọn tó tò fún ìrun, n ó dijú, n ó sì máa ka gbogbo ibi tó ti ṣì í. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ka tẹ̀sùbáà; èmi ń ka àṣìṣe. Wọ́n rò pé mo ń ṣe àdúrà, wọ́n sì ń sọ pé ìgbàgbọ́ mi lágbára lójú ìdánwò.

Ìyàwó mi ló lé mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan nígbẹ̀yìn. Dókítà tó wà níbẹ̀ kò gbójú kúrò lára ìwé tó ń kọ. Ó ní omi kíkan inú ikùn mi ló ń gòkè wá jó ọ̀fun. Ó bi mí bóyá mo máa ń jẹ ata. Èèyàn tó ń gbé Accra ló ń bi bóyá ó máa ń jẹ ata. Ó kọ oògùn, ó ní kí n jáwọ́ nínú ata, kí n má sì sùn tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jẹ kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo ibí, láìsí ṣítọ̀, ata díndín tí wọ́n ń fi jẹ ẹ́, bí ẹni ń ṣẹ̀wọ̀n láì mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ikùn mi, tí kò ṣe mí ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀, wá dára gan-an. Ọ̀fun mi kò mọ̀ pé à ń tọ́jú òun.

Ìyàwó mi náà ló kọ́kọ́ gbọ́ ohun mìíràn. Mo ń rẹjú lórí àga ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó jí mi.

“Ládàánì, ẹ ń súfèé.”

Mo ní mi ò súfèé, mo ń sùn ni.

“Ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń súfèé,” ó ní. “Nǹkan kan ló ń súfèé nínú yín.”

Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ obìnrin ti pọ̀ jù. Mo fẹ́ kí ìdáhùn náà le, ṣùgbọ́n fáànù tó ń fẹ́ lókè ló bò ó mọ́lẹ̀, ìyàwó mi sì ní kí n tún un sọ. Mo tún dijú.

Kò pẹ́ sígbà náà, mo gbé ìdì ṣòkòtò kan lé èjìká ní Kantamanto, ìdì kékeré tí ẹnikẹ́ni kò lè pè ní ẹrù. Mo ti rìn dé àárín ọ̀nà tóóró tó wà láàárín àwọn àtẹ nígbà tí mo fa èémí tí èémí kò wọlé. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ mí. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lọ́fun. Mo fà á tagbáratagbára, ó sì wọlé díẹ̀ pẹ̀lú igbe kan tó mú ṣóńṣó. Láti bí oṣù mẹ́jọ, igbe náà ni ohùn tó ga jù tó ti ara mi jáde. Mo kúnlẹ̀ lórí ṣòkòtò òyìnbó tó ti kú, mo sì rò pé èmi náà ti ń lọ bá a.

Àwọn èèyàn ń kọjá. Ẹni tó dúró ni obìnrin alárùú kan, ọ̀kan nínú àwọn ará àríwá tí wọ́n ń fi orí ru ìdì aṣọ nínú ọjà náà. Ẹrù wà lórí rẹ̀, oníbàárà rẹ̀ sì wà níwájú tó ń pè é pé kó yá. Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, ohun tí alárùú kì í ṣe, nítorí sísọ ọ́ kalẹ̀ rọrùn, gbígbé e padà ló nira. Ó lóṣòó tì mí, ó gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó ń sọ ní èdè Haúsá pé, “Jẹ́jẹ́, Bàbá. Gba imú fà á. Jẹ́jẹ́.” Èémí ń padà díẹ̀díẹ̀. Oníbàárà ń kùn. Obìnrin náà kò tilẹ̀ wò ó. Nígbà tí mo lè gbé orí sókè, ó bi mí pé ó ti tó ìgbà wo. Mo na ìka mẹ́jọ, mo fi ẹnu sọ “oṣù” láìsí ohùn. Ó wò mí bí èèyàn ṣe ń wo àgbàlagbà tí kò gbọ́n.

“Ẹ má lọ sílé,” ó ní. “Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ lọ.”

Ó ní kí wọ́n bá òun gbé ẹrù òun padà sórí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Mo ti wá a lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà láàárín àwọn alárùú ọjà náà, mi ò rí i mọ́.

Ní ẹ̀ka tí wọ́n ti ń wo etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn ńlá náà, ìyàwó mi àti èmi jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ di ọ̀sán. Dókítà tó pè wá wọlé jẹ́ obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju ti ọmọbìnrin mi lọ. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i rárá. Àgbàlagbà onírungbọ̀n ni mo ń retí, bí ẹni pé irùngbọ̀n ni wọ́n fi ń wo ọ̀fun. Twi tó pò mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń bá wa sọ, ó sì ń pè mí ní Alhaji. Mi ò tíì dé Mẹ́kà rí, ṣùgbọ́n mi ò rí ìdí tí n ó fi máa kọ́ dókítà níṣẹ́ rẹ̀. Ó ní kí n sọ ohun tó ń ṣe mí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí gbohùngbohùn. Ó gbọ́wọ́ sókè.

“Alhaji, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ kàn máa mí.”

Ó pa fáànù, ó tẹ́tí sí èémí mi bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn. Láti ìgbà tí ohùn mi ti lọ, òun ni àjèjì àkọ́kọ́ tó jókòó tẹ́tí sí mi, kò sì béèrè fún ohùn rárá.

Ó fín oògùn kan sí mi nímú àti lọ́fun tó mú kí gbogbo ibẹ̀ kú tipiri, ó sì ki okùn dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní iná lórí gba ihò imú mi wọlé. Mo rí inú ọ̀fun ara mi lójú tẹlifíṣọ̀n kékeré kan. Pẹ̀lú bí mo ṣe ti fi ibẹ̀ yangàn tó, ààfin ni mo ń retí. Ihò pupa kan tó rin gbindin ni mo rí. Awọ funfun méjì wà nísàlẹ̀ tí wọ́n ń ṣí, tí wọ́n ń padé. Dókítà ní àwọn ni wọ́n ń gbọ̀n kí ohùn tó jáde. Ṣùgbọ́n a kò rí wọn tán, nítorí nǹkan kan jókòó sókè wọn lápá òsì, ó rí roboto, ó ń dán, bí ẹ̀kúrọ́ tí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀. Bí mo bá fa èémí, á yí bọ́ sójú ọ̀nà. Bí mo bá mí síta, á yẹ̀ díẹ̀, bí onílé tó ń fi ìkanra jẹ́ kí àlejò kọjá.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Kí nìyẹn?”

“Kókó ni,” dókítà ní. “Mi ò tíì mọ irú rẹ̀.”

Mo bi í pé ṣé jẹjẹrẹ ni. Ó fa okùn náà jáde kó tó dá mi lóhùn. “Ojú rẹ̀ ò jọ ọ́. Ó ń dán, kò sì ní ojú egbò. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín, ojú nìkan ò tó.”

Wọ́n fi mí sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara. Àwòrán náà fi hàn pé kókó yìí dá dúró, kò tíì jẹ wọ ohun tó yí i ká. Wọ́n já díẹ̀ lára rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, àbọ̀ sì dé pé awọ lásán ni àwọn rí, pé ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Dókítà ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí a lè gbà mọ̀ ọ́n ni kí òun yọ odidi rẹ̀. Ẹnu mi ni òun máa gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà èémí mi ti fún jù, nítorí náà tí wọn ò bá rí ibi gbé ọ̀pá èémí gbà nígbà tí mo bá ń sùn, wọ́n máa lu ihò sí mi lọ́rùn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò fi nǹkan kan pamọ́. Mo bi í ní ìbéèrè kan péré.

“Ṣé n ó tún lè pe ìrun?”

“Mi ò mọ̀, Alhaji. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí kókó yìí bá fi díẹ̀ tóbi sí i, ẹ ò ní lè mí.”

Ẹni tó ní làákàyè á ti dá ọjọ́ lójú ẹsẹ̀. Èmi ní kí n lọ rò ó. Mo ní Ràmàdáánì ti ń bọ̀, mo ní àwọn oníbàárà tó fẹ́ wọ ṣòkòtò ọdún ń retí mi, mo ní kí òjò dá ná. Ohùn tí mi ò ní mọ́ ni mo ń dáàbò bò. Nídìí maṣíìnì, mo máa ń ṣètò ìsìnkú ara mi lọ́kàn. Mo rí ogunlọ́gọ̀ èèyàn, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé irú ohùn bẹ́ẹ̀ kò tún ní sí mọ́ ní Nima. Ó ń dùn mọ́ mi bọ̀ títí mo fi rántí pé Onírédíò ni yóò fi gbohùngbohùn kéde pé mo ti kú. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ikú, èyí ló dùn mí jù.

Ìyàwó mi fara dà á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó ti ìsọ̀ rẹ̀, ohun tí kì í ṣe àfi tí èèyàn bá kú, ó wá jókòó síwájú mi.

“Ládàánì, nǹkan kan wà tí mò ń ṣe tí ẹ ò mọ̀. Tí ẹ bá ti sùn, mo máa ń jókòó tì yín, mo máa ń ka èémí yín. Tó bá dáwọ́ dúró, mo máa ń tì yín kí ẹ lè yí padà. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀yin ń ṣọ́ ohùn yín, èmi ń ṣọ́ èémí yín. Tí èémí bá tán, kí lẹ fẹ́ fi ohùn ṣe?”

Mo wá òwe tí n ó fi dá a lóhùn. Èyí tó wá sí mi lọ́kàn ni ti àwọn àgbà tó ní àrùn là á wò, a kì í wo ikú, tirẹ̀ sì ni òwe náà ń gbè. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ó ti rù. Èmi tó mọ gbogbo ibi tí Onírédíò ti ṣì í kò rí i pé ìyàwó mi kì í sùn. Ní ọjọ́ kejì a lọ dá ọjọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, dókítà tó ń fún èèyàn ní oògùn oorun wá wò mí. Ó yẹ ọrùn mi wò bí télọ̀ ṣe ń yẹ aṣọ wò, ó sì fi bírò fa ìlà kékeré sí i, ibi tí wọ́n máa lù tí ó bá di dandan. Mo mọ ohun tí ìlà jẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì fa tèmi sára aṣọ, mi ò rántí èyí tí mo fà tí mi ò gé. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú dé ẹnu ilẹ̀kùn, èmi kò sì rí ẹ̀fẹ̀ kankan ṣe. Ẹ̀rù bà mí. Mo ń kọ ọ́ báyìí nítorí pé mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tí mo jí, ọrùn mi ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Kò sí ihò. Mo la ẹnu láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, nọ́ọ̀sì sáré fi ìka lé ètè. Dókítà wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n fún àárẹ̀, ó ní, “Odidi ló jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì, Alhaji, ẹ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.” Ìyàwó mi, tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ní, “Ẹ lè fi kún un.” Òun ni ẹ̀fẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti bí ọdún kan.

Ọmọbìnrin wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan, gba ìsinmi wá dúró tì wá nílé. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Twi ló fi ń dáhùn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ìwé ni mo ń kọ ohun tí mo bá fẹ́ sí. Ní ọjọ́ kejì mo kọ ọ́ pé “mo fe obe”, mi ò fi àmì kankan sí i. Ó lọ, ó gbé ọ̀bẹ wá, ó sì dì í mú mọ́ àyà, ojú rẹ̀ ti yí padà, ó ń bi ìyá rẹ̀ ní Twi bóyá orí Bàbá pé. Ọbẹ̀ ni mo ń béèrè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀.

Onírédíò náà wá kí mi. Ó gbé ọsàn wá, ó jókòó pẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ pé ìrun pípè nira báyìí. Gbogbo ìgbà tí mo bá di ẹ̀rọ yẹn mú, mo máa ń ṣì í sí i, torí mo mọ̀ pé ẹ wà ní ẹsẹ̀ kejì, ẹ ń ka àṣìṣe mi.” Ó wu mí kí n sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ dókítà gbà mí lọ́wọ́ irọ́ náà. Mo bó ọsàn kan, mo fún un ní ìdajì.

Àbọ̀ àyẹ̀wò dé ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Dókítà ṣàlàyé fún wa pé àwọn iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ara ní awọ tó bò wọ́n, pé awọ ọ̀kan nínú wọn ló wú di kókó, ó kàn wá lọ wú sí ibi tí kò yẹ. Kì í ràn, kì í pani, àfi tó bá dí ọ̀nà. Ó ní, “Mo ti kà nípa rẹ̀ nínú ìwé. Èyí tó hù sínú ọ̀fun, mi ò fojú rí i rí.” Ìyàwó mi sunkún. Èmi náà yẹ kí n sunkún, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé wọn ò rí irú rẹ̀ rí ti wọ̀ mí lórí. Wọ́n pe àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà wá, wọ́n tò yí mi ká, wọ́n ń wo ọ̀fun mi lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì jókòó ṣánṣán bí ọba. Mo délé, mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí mi pé àìsàn tèmi kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Onírédíò nìkan ló yé. Ó ní, “Rọ́bà tó bo wáyà ló wú,” ó sì mi orí, bí ẹni pé ó ti rí i nínú fóònù lọ́pọ̀ ìgbà.

Ohùn tó jáde nígbà tí wọ́n ní kí n máa sọ̀rọ̀ kì í ṣe tèmi. Ó nípọn, ó wà nílẹ̀, kò fẹ́ lọ sókè. Obìnrin kan ní ilé ìwòsàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ní kí n máa wí “aaa”, èmi tí mo ti ń dá àkùkọ lẹ́kun. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mo bẹ Lèmọ́mù pé kí n gbìyànjú. Mo yan Àìlà, ìrun ọ̀sán, nítorí ariwo ọkọ̀ pọ̀ nígbà náà; tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, á bò mí láṣìírí.

Onírédíò tan ẹ̀rọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó sì kúrò níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀. Mo dé ibi tó yẹ kí ohùn gòkè, mo nawọ́ sí òkè náà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ń bá a lọ nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn ìkejì, bí ẹni ń fọwọ́ tá ògiri rìn, mo sì parí rẹ̀. Mo yíjú, mo ń wá ẹni tó máa káàánú mi. Àwọn èèyàn ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ṣe àlùwàlá, wọ́n ń to ẹsẹ̀. Iye tó máa ń wá ní Àìlà ló wá, kò lé, kò dín. Wọ́n wá nígbà tí ohùn mi dára, wọ́n wá nígbà tí Onírédíò ń wá ìkànnì kiri, wọ́n sì tún wá lọ́jọ́ náà. Ogún ọdún ni mo fi rò pé èmi ni wọ́n ń bọ̀ wá gbọ́. Wọn ò sọ fún mi pé ìrun ni wọ́n ń bọ̀ wá kí, bóyá nítorí pé wọ́n rò pé ọmọdé pàápàá mọ̀.

Ó ti tó ọdún mélòó kan. Onírédíò ló di ládàánì. Èmi máa ń pe Àìlà ní ọjọ́ tí mi ò bá lọ sí ọjà. Ó ti mọ̀ ọ́n pè sí i, tàbí kí n sọ pé mo ti dáwọ́ kíkà dúró. Lọ́dọọdún mo máa ń padà sọ́dọ̀ dókítà, á ki okùn rẹ̀ bọ̀ mí nímú, á ní ibẹ̀ mọ́. Ó ṣì ń pè mí ní Alhaji. Nígbà mìíràn mo máa ń ronú nípa ọkùnrin tí mo jẹ́ nígbà náà, tó gbé ọ̀fun tó ń dí lọ fún ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, mo sì máa ń fẹ́ fà á létí. Kò ní gbọ́. Ohùn rẹ̀ ti pọ̀ jù fún un láti gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ìyàwó mi jọ ń jẹun ọ̀sán. Mo ní kó bá mi mú iyọ̀. Ó mú un, kò tíì fún mi.

“Ṣé ẹ mọ̀ pé ohùn yín yìí tẹ́ mi lọ́rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?”

Mo rò pé ó ń tù mí nínú ni, mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

“Tẹ́lẹ̀,” ó ní, “tí ẹ bá ní kí n mú iyọ̀ wá, gbogbo Nima lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí, èmi lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.”

Mo gba iyọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo dúpẹ́ jẹ́jẹ́, ó sì gbọ́.